Ta Ni Yóò Dáhùn fún Èéfín Ọkọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn ẹnjiníà nìkan ló ni ín. Bí wọ́n bá ti ní ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìrìnnà àti àyíká, ọkọ̀ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn olùgbọ́: bọ́ọ̀sì tó ń lo iná mànàmáná, rélùwéè ayára-bí-àṣá, afárá gígùn. Gbogbo rẹ̀ ló dára, ó sì wù mí kí a ní wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ ni pé ilé ìjọba ni èéfín ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní kọ̀rọ̀ ló ti ń jáde, inú àyẹ̀wò tí wọ́n kọ ní ìwé pé àwọn ṣe tí wọn kò ṣe, inú owó àtúnṣe títì tí wọ́n gbé lọ ná síbòmíràn. Bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe, ọkọ̀ tuntun tí a rà kò ní pẹ́ dàbí èyí tí a fẹ́ fi í rọ́pò.

Ọ̀ràn náà tóbi. Nínú gbogbo káábọ́ọ̀nù tí epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun ń tú sínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ti ọ̀dọ̀ ìrìnnà wá, ọkọ̀ orí títì ló sì ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí. Ìyẹn ni èyí tó ń mú ayé gbóná. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni eruku kíkúná tó wà nínú èéfín, tí ojú kò lè rí, tó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ títí tó fi ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n rẹ̀ tó yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ láàárín ọdún kù láti maikirogíráàmù 10 wá sí 5 nínú kúbíìkì mítà kan, nítorí pé ìwádìí fi hàn pé kódà díẹ̀ rẹ̀ ń ṣèpalára. Àjọ yìí kan náà ló ṣírò pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.19 ló ń kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún, àti pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó wà lórí alùpùpù ju ìdajì wọn lọ. Mo ka ikú yìí mọ́ ọ̀rọ̀ àyíká nítorí pé ọwọ́ àìbìkítà kan náà ló ń pa àwọn tí ọkọ̀ gbá àti àwọn tí èéfín ń pa díẹ̀díẹ̀.

Ta ni kí a wá mú? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ń la títì, òmíràn ló ń fọwọ́ sí epo tí wọ́n ń kó wọlé, òmíràn ló ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá ló ń dá ọkọ̀ dúró, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbowó ní ibùdókọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wá bàjẹ́, kálukú yóò nawọ́ sí ẹnìkejì. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á kú. Àwọn ìlú tí nǹkan wọn ti yí padà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí. London dá àjọ Transport for London sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó kó bọ́ọ̀sì àti àwọn títì ńlá sábẹ́ rẹ̀, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2003, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ méyọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Singapore dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1995. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó dá LAMATA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà ìlú náà, sílẹ̀ ní 2002, ọdún mẹ́fà gbáko kí bọ́ọ̀sì BRT àkọ́kọ́, èyí tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, tó gbéra níbẹ̀. Kò sí èyí tó pé nínú wọn. Àmọ́ ó kéré tán, ẹni tí inú bá bí mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù lójú tèmi. Kí ọdún 2000 tó dé, àwọn bọ́ọ̀sì aládàáni ló ń gbé èrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ló ní ìwé àṣẹ ojú ọ̀nà, ẹlòmíràn ló ni ọkọ̀, dírẹ́bà sì ń jẹun lórí iye èrò tó bá rí gbé. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ènìyàn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ti gba iwájú rẹ, ó ti gba oúnjẹ òòjọ́ rẹ. Nítorí náà dírẹ́bà yóò sáré, yóò já lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò tẹ bíréèkì sí àárín títì nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó na ọwọ́, yóò sì tan ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ níbi tó ti ń dúró de èrò. Àwọn ará ìlú ń pè é ní ogun sẹ́ńtì. Bọ́ọ̀sì pọ̀ ju ohun tí ìlú nílò lọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò kún, gbogbo wọn ló sì ń rú èéfín. Ẹ lè bá àwọn dírẹ́bà wọ̀nyí wí títí, ẹ lè kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúàbí láti àárọ̀ di alẹ́, wọn yóò tún sáré lọ́jọ́ kejì, nítorí bí wọ́n ṣe ń sanwó fún wọn ló ń lé wọn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, nígbà tí Enrique Peñalosa jẹ́ méyọ̀, TransMilenio bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò ni bọ́ọ̀sì pupa gígùn àti ọ̀nà tirẹ̀ ní àárín títì. Ohun tí èmi ń wò ni ìwé àdéhùn. Ìjọba ìlú ló ń ṣètò ojú ọ̀nà àti àkókò. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni díje ní gbangba kí wọ́n tó gba iṣẹ́, iye kìlómítà tí ọkọ̀ wọn bá rìn ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó wọn. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá ló ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò kí wọ́n tó wọlé, owó náà sì ń lọ sínú àpò kan tí wọ́n ti ń pín in. Bọ́ọ̀sì tó bá pẹ́, tó bá dọ̀tí, tó bá kọjá nígbà tí iná pupa ń tàn, wọ́n yóò yọ ọ́ nínú owó ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ilé iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ kó bọ́ọ̀sì tuntun wọ ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ kó ọkọ̀ àtijọ́ wá kí wọ́n fọ́ ọ túútúú, kí ó má baà lọ máa rú èéfín ní àdúgbò mìíràn. Ojú ọ̀nà tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ kò fún dírẹ́bà ní ìdí kankan láti sáré mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Èrò pọ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n ń há mọ́ra bí àgbàdo inú àpò, ogun sẹ́ńtì sì ń bá a lọ fún ọdún púpọ̀ ní àwọn ojú ọ̀nà tí ètò tuntun kò dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n fọ́ lára àwọn ibùdó rẹ̀. Àdéhùn tó dára nílò ẹni tí yóò máa tún un yẹ̀ wò bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i.

Santiago ní orílẹ̀-èdè Ṣílè kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́nà tó le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n yí gbogbo ètò bọ́ọ̀sì ìlú náà padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì kò tó, ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì nìkan kò tíì parí, ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi máa mójú tó ọkọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìlà èèyàn gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní ibùdókọ̀, ààrẹ Michelle Bachelet sì bẹ àwọn aráàlú. Ìlú kan náà yìí ló wá ní bọ́ọ̀sì oníná tó ju 2,000 lọ lónìí, ọ̀kan lára àwọn tó pọ̀ jù ní ìlú tí kò sí ní Ṣáínà. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé wọ́n padà lọ tún àdéhùn kọ. Wọ́n ya ẹni tó ra ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń wà á. Bọ́ọ̀sì oníná wọ́n púpọ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n owó epo àti àtúnṣe rẹ̀ kéré. Ilé iṣẹ́ kékeré kò lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta iná rà á, tí ìjọba sì ṣe onídùúró pé wọn yóò máa rí owó wọn gbà, ọ̀nà là. Bí alágbàṣe tó ń wa ọkọ̀ náà kò bá ṣe dáadáa, wọ́n lè gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé èrò dúró sójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1921, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ General Motors rí i pé bí a bá po òjé mọ́ bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́ kíkanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé májèlé ni òjé, pàápàá fún ọpọlọ ọmọdé. Síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi sun ún sínú afẹ́fẹ́. Ní 2002, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, kó ìjọba, ilé iṣẹ́ epo àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú jọ sórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ọdún 2006 wọlé, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ní Áfíríkà ti jáwọ́. Àlgéríà ló jáwọ́ kẹ́yìn gbogbo ayé, ní oṣù keje ọdún 2021. Ìmọ̀ kò wọ́n wa nínú ọ̀ràn yìí. Ìpinnu ló pẹ́.

Imí-ọjọ́ inú epo ni ìjà tó kù. Láti ọdún 2009, epo ọkọ̀ ní Yúróòpù kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 10 imí-ọjọ́ lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland tú àṣírí bí àwọn oníṣòwò epo kan ṣe ń po epo tí wọn kò lè tà ní Yúróòpù, tí wọ́n ń kó o wá tà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láìrú òfin kankan, nítorí pé òfin ibẹ̀ gba imí-ọjọ́ tó pọ̀ gidigidi láyè. Gánà ta jí. Ní 2017 ó já ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ sí 50 nínú mílíọ̀nù kan láti 3,000, ECOWAS náà sì fẹnu kò sórí 50 lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá èyí lọ, nítorí pé imí-ọjọ́ ń ba asẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ tó dára tó wá ń rọ epo oní-imí-ọjọ́ sí i ti sọ owó rẹ̀ nù. Nítorí náà, kí á tó béèrè irú ọkọ̀ tí ìjọba fẹ́ rà, ó yẹ kí á béèrè ẹni tó bu epo wò nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, ilé àyẹ̀wò tó gbé e lọ, àti ibi tí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ kí aráàlú lè kà á. Òfin 50 tí kò ní ilé àyẹ̀wò, ìwé lásán ni.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ nílò ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Volkswagen fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó máa ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Nígbà náà ni yóò ṣe bí ọmọ dáadáa. Bó bá ti padà sójú títì, gáàsì olóró tó ń tú jáde á fò sókè, nínú àwọn kan dé ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé ni ètò náà wà nínú wọn. Àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia ló kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á lọ sójú títì gangan. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí àjọ alámòójútó ti lágbára, ẹ ro ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láìtilẹ̀ rí ọkọ̀. Ó tọ́ kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò má jẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tó bá fọwọ́ sí, kí wọ́n sì máa dá díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó yege dúró lójú ọ̀nà láti tún wọn wò.

Èyí tún kan ọkọ̀ àlòkù. UNEP rí i pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó nǹkan. Kẹ́ńyà kì í gba èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́jọ lọ wọlé. Ọjọ́ orí nìkan kò tó, nítorí pé àwọn kan ń yọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín kúrò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó kó o sójú omi. Ẹ̀bi ẹni tó ń kó o ránṣẹ́ kò kéré sí ti ẹni tó ń gbà á wọlé.

Mo fẹ́ sọ ti ẹrù tírélà, tí kì í sábà wọ àpérò lórí àyíká, ó sì yẹ kó wọ̀ ọ́. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ẹrù rìn lórí títì àdánwò ní Illinois láti mọ bí títì ṣe ń bàjẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìwúwo orí irin tó so táyà pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ títì á di bí ìlọ́po 16. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó gba rìbá níbi òṣùwọ̀n ọkọ̀, tó jẹ́ kí tírélà tó rù ju agbára rẹ̀ kọjá, ti ta títì gbogbo wa ní owó pọ́ọ́kú. Lórí títì tó ti dá kòtò, ọkọ̀ yóò máa rá, yóò máa jó epo púpọ̀, èéfín yóò sì máa bo àwọn ilé ẹ̀bá ọ̀nà. Àjọ tó ń mójú tó títì ní Gúúsù Áfíríkà ṣírò pé bí a bá pa àtúnṣe tì fún ọdún mẹ́ta, iye rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́fà. Bó bá di ọdún márùn-ún, ìlọ́po 18. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti já tẹ́ẹ́pù sórí títì tuntun. N kò tíì rí ẹni tó pe oníròyìn nítorí pé wọ́n dí kòtò lákòókò, ó sì dùn mí, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ń gbà sọnù.

Bí a bá ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ san owó nítorí ìbàjẹ́ tó ń fà, ó gbọ́dọ̀ rí ibi tí owó náà lọ. Nígbà tí London bẹ̀rẹ̀ sí í gba pọ́n-ùn 5 lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2003, òfin sọ pé ìrìnnà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ná èrè rẹ̀ lé lórí, wọ́n sì ti fi kún bọ́ọ̀sì kí ọjọ́ náà tó pé. Stockholm ṣe ju ìyẹn lọ: ó dán an wò ná, láti oṣù kìíní sí oṣù keje ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ aráàlú ló lòdì sí i tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gba ẹnu ibodè wọlé dín kù ní bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí àdánwò parí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ padà, gbogbo èèyàn sì rí ìyàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n dìbò, àwọn tó ní kí ó máa lọ láàárín ìlú náà sì ju ìdajì lọ. Ẹ fi wé Mexico City, tó ṣòfin ní 1989 pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ jáde ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn àwo rẹ̀ bá ṣe rí. Ẹni tó lówó ra ọkọ̀ kejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ ògbólógbòó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí i pé afẹ́fẹ́ dára sí i. Òfin tí kò ro bí èèyàn yóò ṣe yí i po, tí kò sì pèsè bọ́ọ̀sì fún ẹni tó gbé ọkọ̀ sílé, ó ti kùnà kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ó kù kí n sọ ti àwọn tí ayípadà máa ń bá lórí iṣẹ́ wọn. Onímọ́tò tó ń fi ọkọ̀ jákujàku bọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀tá àyíká. Gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí báǹkì tó fẹ́ yá a lówó. Bí ìjọba bá kàn ní kí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ kan, yóò jà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jà. Dakar ní Senegal gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dá àjọ CETUD sílẹ̀ ní 1997 láti máa ṣàkóso ìrìnnà ìlú náà. Láti 2005, àjọ náà bá àwọn tó ni ọkọ̀ kéékèèké jókòó, wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́, wọ́n bá wọn wá owó tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ fi gba ọkọ̀ tuntun, wọ́n sì gba àwọn ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn fọ́. Ní 2024, bọ́ọ̀sì oníná gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ọ̀nà BRT ìlú náà, àjọ tó ń mójú tó o sì ti pé ọdún 27 nígbà náà, ó ti mọ àwọn onímọ́tò, àwọn náà sì ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbí, kí n lè gbọ́ ìbéèrè yín.